Ife Omi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Bàbá

Ìròyìn ikú Bàbá pẹ́ ní odindi ọjọ́ kan kó tó bá Awádìí níbi iṣẹ́. Nígbà tó fi délé, òkú ti wà ní mọ́ṣúárì, ọlọ́pàá àdúgbò sì ti gbé awakọ̀ tó háyà yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn lọ.

Awádìí ni Bàbá ń pè é láti kékeré, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Kò yà wọ́n lẹ́nu nílé nígbà tó di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kó lè máa tọ́jú Bàbá, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Bó ṣe wọlé tán, ẹ̀gbọ́n tún fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn pa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ̀ ń tìlẹ̀kùn mọ́?"

"Ó ti mọ́ mi lára. Bí mi ò bá tì í, Bàbá á ní wọ́n ń bọ̀ wá gbé òun."

Ilé náà há. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tín-ín-rín débi pé bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti fẹ̀yìn ti ògiri. Ìdí àtẹ̀gùn yìí ni wọ́n ti bá Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́.

"Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti jáde," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Wọ́n bá dayasipáàmù, oògùn tó ń kunni lóorun, lára rẹ̀. Oògùn tí awakọ̀ ń lò fún ẹ̀yìn tó ń dùn ún nìyẹn. Òun àti Bàbá sì ń jà ṣáá lórí ariwo rédíò."

"Oògùn tí dókítà kọ fún Bàbá ńkọ́?"

"Ọ̀tọ̀ ni ti Bàbá. Lọrasipáàmù ni, nítorí àyà tó ń já a látìgbà tí Màmá ti kú. Ṣebí mo sọ fún ẹ lórí fóònù pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ó ti ń sùn mọ́jú. Ó tún ń sùn lọ́sàn-án."

Awádìí wọ yàrá Bàbá. Páálí oògùn wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ife kan dúró tì í, omi ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ó ń wo ife náà títí. Lẹ́yìn náà ó fi páálí sínú báàgì rẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, awakọ̀ di irin mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

"Àǹtí, ẹ wò mí dáadáa. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà, ṣé òun ló máa gun àtẹ̀gùn yẹn?"

"Ta ló lè mú nínú oògùn yín?"

"Ilẹ̀kùn mi kì í sí ní títì. Ta ni màá dìde tì í fún? Apòògùn ń gbé oògùn wọlé, ẹ̀gbọ́n yín ń gbé oúnjẹ wọlé. Ẹ lọ mú apòògùn yẹn! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti Bàbá ti ń ra oògùn. Kó má lọ jẹ́ pé ó gbé tèmi fún wọn. Ìyàwó mi ti gbọ́ pé mo pànìyàn. Kò gbé fóònù mi mọ́."

Inú bí apòògùn nígbà tí Awádìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ìbéèrè lẹ mú wá ni, àbí ẹ̀sùn?"

"Ìbéèrè ni, sà. Tí ìdáhùn bá burú, ó lè di ẹ̀sùn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ fẹ́ rín in. Ó to páálí méjì síwájú rẹ̀, irú ti Bàbá àti irú ti awakọ̀.

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Méjèèjì ń mú àyà balẹ̀, méjèèjì ń kun ènìyàn lóorun, méjèèjì ló sì ń di bárakú bí a bá lò ó pẹ́. Ìwà ló yàtọ̀. Ti bàbá yín kì í pẹ́ púpọ̀ lára. Ti awakọ̀ dà bí àlejò tí kò mọlé lọ. Lára àgbàlagbà, ti òní á bá ti àná nínú ẹ̀jẹ̀, ti ọ̀la á tún bá wọn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú."

"Kì í wá ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fún un. Bàbá ti ń sùn lọ́sàn-án."

"Rárá o. Oorun ọ̀sán tí ẹ sọ yẹn, ọjọ́ mélòó kan ló kó jọ."

Awádìí yọ páálí Bàbá. Apòògùn ṣí i, ó ka hóró oògùn inú rẹ̀.

"Oògùn tí mo tà fún un náà nìyí. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó yẹ kó ti tán. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

"Báwo ni Bàbá ṣe ń lò ó?"

"Abẹ́ ahọ́n ló ń fi í sí. Yíyọ́ ló máa ń yọ́. Kò nílò omi rárá."

Awádìí dúpẹ́. Ó padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn. Awádìí kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó dúró nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bu omi fún Bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́.

"Awakọ̀ ò lè gòkè. Apòògùn ò ṣèèṣì. Ẹnì kan ló ń mú oògùn ní ìsàlẹ̀ wá sókè, ó ń fi omi fún un lójoojúmọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wọ yàrá méjèèjì."

"Mo fẹ́ sùn ni," ni ẹ̀gbọ́n wí, bí ọmọdé. "Oògùn Bàbá yẹn á tán lára rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn mi: wọ́n ti dé, wọ́n ti dé. Mo gbé oúnjẹ sísàlẹ̀, mo bá awakọ̀ tó sùn fọnfọn. Mo jowú oorun ọkùnrin náà. Mo bá mú díẹ̀ nínú oògùn rẹ̀ fún Bàbá. Bàbá sùn, èmi náà sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú, mi ò gbọ́ ìgbà tó dìde. Èmi tí ikọ́ rẹ̀ lásán ń jí!"

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n ti awakọ̀ mọ́lé?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ìwọ jáde nílé yìí, ò ń rí ayé. Ìgbà wo lèmi ti jáde kẹ́yìn? Ṣé inú ilé kan ni màá ti bọ́ sínú òmíràn ni?" Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Ìwọ nìkan lo mọ̀. Lọ fọ ife yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́."

Awádìí kò gba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní fọ ife kankan. Èmi fúnra mi ni màá mú yín lọ ságọ̀ọ́ ọlọ́pàá báyìí, kí wọ́n lè tú awakọ̀ sílẹ̀. Màá sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, màá sì sọ pé èmi ni mo fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà yín."