Alágbàtà Oníbàtà Gàráńtì

"Kí n tó jáde níléèwé, láńlọ́ọ̀dù ni gbogbo yín ó máa pè mí!"

Nojeem ló ń lérí bẹ́ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kétu, lọ́dún 1976, tó ń lu àyà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó ò ń wọ sálúbàtà ìyá ẹ kiri?"

Òótọ́ kúkú ni. Nojeem kò ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìròyìn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti fetí mọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Shittu, àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Ìkòsí láti ọdún mẹ́sàn-án, ló wá bá ìyá náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Karimot, a fẹ́ ta ilẹ̀ yẹn. Má jẹ́ kí alágbàtà kankan gbọ́ o. Mo ṣì ń bá àwọn àbúrò mi sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan."

"Bàbá, owó wo ló wà lọ́wọ́ èmi opó?"

Ibẹ̀ ni Nojeem ti sá jáde. Kò dúró gbọ́ èsì àgbà. Lójú tirẹ̀, ìyá òun kò lówó, ọ̀rọ̀ bùṣe; ṣé ó wá yẹ kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣòfò ni?

Ó di ọ̀dọ̀ Salaudeen, ọkùnrin oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó ń ra ilẹ̀ láti Kétu títí dé Mende.

"Ọ̀gá, bí mo bá fi ilẹ̀ tẹ́nì kan ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀ hàn yín ńkọ́?"

"Ọmọ dáadáa, o ti jẹun?"

Kí Nojeem tó gbé òkèlè kẹta mì, ó ti ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí ilẹ̀ wà, ìdílé tó ni ín, orúkọ àwọn àbúrò Bàbá Shittu.

Lọ́sẹ̀ kejì, Salaudeen fún un ní bàtà gàráńtì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó. Nojeem ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ń gba àárín Kétu lọ gbà-gì-gbà-gì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ta á, ara rẹ̀ ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí olówó ṣe ń rìn nìyẹn.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó dorí kodò. Bàbá Shittu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Karimot, má bínú. Èmi ni mo ní kó o máa san owó ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ látorí ẹ̀gẹ́, fún ọdún mẹ́rin. Àmọ́ ilẹ̀ ẹbí ni, àgbà kan kì í dá a tà. Ẹnì kan ti ta Salaudeen lólobó. Kí n tó bá àwọn àbúrò mi parí ọ̀rọ̀, ó ti kówó dé iwájú wọn. Wọ́n ti gbà á."

Èsì tí Nojeem kò dúró gbọ́ nìyí! Ó fẹ́ sá, bàtà kò jẹ́. Àfi gbàà, Salaudeen wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyá Nojeem, mo ní kí n wá sọ fún yín kẹ́ ẹ wá hú ẹ̀gẹ́ yín ni. Ẹ sì kú oríire ọmọ! Ọmọ yín yìí ló fi ilẹ̀ náà hàn mí. Ògbólógbòó alágbàtà!"

Ìyá wo bàtà, ó wá gbójú sókè wo ọmọ. Kò pariwo.

"Nojeem, ilé tí mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀, orúkọ ta lo rò pé mo fẹ́ fi sí i?"

Nojeem dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ká ní ilẹ̀ lanu níbẹ̀, ì bá wọlẹ̀. Ìgbà náà ló tó yé e pé ẹni tí kò lówó, ìfọkàntán ni owó rẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ fi ọdún mẹ́sàn-án kó jọ lòun fi òkèlè mẹ́ta tà. Ọ̀rọ̀ tá a bá sì fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbọ́, àbọ̀ ni. Ẹni tó bá gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ rọjà, odidi ìtìjú ni yóò gbé bọ̀ wálé.

Ó bọ́ bàtà náà, ó tò ó síwájú Salaudeen. "Ẹ gba bàtà yín, sà."

Bàbá Shittu tẹjú mọ́ bàtà náà.

"Ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì," ó ní.