Iyọ̀ Màmá Àgbà Nínú Erédò

"Má gbé e kalẹ̀ o, Kúbúrá," ni Màmá Àgbà wí, ó nawọ́ sí agbọ̀n iyọ̀ tó wà lórí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ilẹ̀ ibí tutù bí imú ajá. Iyọ̀ tó bá jókòó sí i, omi ló máa dà. Iyọ̀ yẹn la fẹ́ fi kí onílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí kò bá sí, Ẹ̀pẹ́ la máa padà sí."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọdún kẹta rèé tí ogun lé àwọn òbí Kúbúrá láti Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà náà ni Màmá Àgbà, Sèlíátù ìyá-ìyá rẹ̀, ti ń ṣèlérí pé òun á mú un lọ wo ìlú ọba àtijọ́ tí wọ́n bí òun sí, òun á fi àwọn àdúgbò ibẹ̀ hàn án, àti ilé baba òun tó ti di ògiri alápá. Ṣùgbọ́n ilé tó ti wó kò lè gba àlejò, Ìjẹ̀bú ìgbà náà kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ń ṣàdédé wọ̀. Onílé kan gbọ́dọ̀ gbà ọ́, onílé wo ló sì ń yọ̀ mọ́ ọwọ́ òfìfo?

Wọ́n ti dé ibodè Erédò, yàrà ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Àwọn àgbà ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí ayé má baà gbàgbé òun. Ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀pẹ tó hù nísàlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó dúró lókè ni màrìwò rẹ̀ mọ. Màmá Àgbà lọ kí Sàlàkọ́, bàbá oníbodè. Ìkíni Màmá Àgbà kì í sì í kúrú. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ fi ń mi ewé.

Rọ̀kíbátù, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá ṣòwò, sún mọ́ Kúbúrá.

"Ẹ̀yin ọmọ Èkó, inú ọkọ̀ nìkan lẹsẹ̀ yín mọ̀. Èmi ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ yẹn rí. Ìwọ, wàá ti tọ̀ sára kó o tó dé ìdajì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Já ewé ara ògiri wá fún mi nísàlẹ̀, kí n rí i."

Kúbúrá mọ̀ pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n "àwọn tí ogun gbé dé" tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti ń pè wọ́n láti ọjọ́ yìí ti sú u. Màmá Àgbà ní kó má gbé iyọ̀ kalẹ̀. Kò gbé e kalẹ̀, ó rù ú lọ sísàlẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń gbọ́ràn nìyẹn nígbà tí kò bá fẹ́ gbọ́ràn.

Ìsàlẹ̀ dùn ún wò. Ògiri ga lọ́tùn-ún lósì, ó tutù, omi sì ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó. Ó já ewé kan, ó rí èyí tó dára jù ú lọ níwájú. Igi ńlá kan wó dínà. Ó rá pálá yí i po, ó bọ́ sínú igbó ṣúúrú. Nígbà tó jáde, kò mọ ibi tó ti wá mọ́. Ògiri apá ìhín jọ ògiri apá ọ̀hún bí ìbejì.

Ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀, apẹja, máa ń wí: "Bó o bá sọnù lórí ọ̀sà, di etí omi mú, á mú ọ délé." Kúbúrá di ògiri mú, ó ń rìn. Ọgbọ́n ọ̀sà nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n Erédò. Etí ọ̀sà ní èbúté. Ògiri yìí yí gbogbo ilẹ̀ ká ni. Ẹni tó bá dì í mú lè rìn títí irun orí rẹ̀ á fi funfun.

Ohun kan ṣàn sí i létè. Ó tọ́ ọ wò: iyọ̀. Omi ògiri ti ń kán sínú agbọ̀n látìgbà tó ti dé ìsàlẹ̀. Kúbúrá bú sẹ́kún. Ó pariwo orúkọ Màmá Àgbà, yàrà sì gbé ohùn náà mì.

Nǹkan kan lá a ní gìgísẹ̀.

Ó fò sókè, díẹ̀ ló kù kí agbọ̀n ṣubú. Ewúrẹ́ dúdú kan ni, àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn tí wọ́n ń lá iyọ̀ tó kán sórí ewé. Kúbúrá ti rí ewúrẹ́ tó so àkísà pupa yẹn lẹ́nu ọ̀nà Sàlàkọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ewúrẹ́ yìí ní ilé tó máa padà sí.

Ó dáwọ́ ẹkún dúró. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bo iyọ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ìyẹn ló nira jù, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì fẹ́ sá. Oòrùn ń rọ̀. Nígbà tí iyọ̀ ò kán mọ́, ewúrẹ́ dúdú wò ó bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó yí padà, ó gba ọ̀nà ibi tí Kúbúrá ti ń bọ̀ lọ. Kúbúrá tẹ̀ lé e.

Kí wọ́n tó dé ibodè ló ti gbọ́ ohùn Màmá Àgbà. Ìyá náà jókòó sínú ẹrẹ̀ títí dé ìbàdí, Rọ̀kíbátù sì ń sunkún lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàlàkọ́.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń gbà ọ́ là ni." Ó fà á mọ́ra, ó tẹ orí rẹ̀ wò bí ẹni tó ń ra iṣu. "Ẹsẹ̀ mi kọ̀, ìdí mi ló gbé mi sọ̀. Ìdí tó bí ọmọ mẹ́jọ, ẹ ò rí i pé ẹrẹ̀ ò fẹ́ dá a padà."

"Iyọ̀ ti yọ́, Màmá. Ìdajì ló kù. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá Àgbà wo inú agbọ̀n, ó wo ọmọ. "Ìdajì iyọ̀, odindi ọmọ. Ta ni kí n wá bá jà? Fà mí dìde."

Ó gba Kúbúrá àti okùn Sàlàkọ́ kí wọ́n tó fa ìyá náà gòkè. Màmá Àgbà ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó sì ń wúwo sí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Sàlàkọ́ gbé agbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó gbẹ.

"Màmá, mi ò gba owó ibodè lọ́wọ́ yín mọ́," ló wí. "Àwọn ewúrẹ́ mi ti gbà á."

Rọ̀kíbátù nu ojú. "Ewé mi dà?"

"Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

"Èmi náà ò sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ rí," ni Rọ̀kíbátù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kúbúrá wò ó, ẹ̀rín sì pa á.

Wọ́n sùn sí ibodè. Ní ọjọ́ kejì, onílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde gba ìdajì iyọ̀ náà tayọ̀tayọ̀, ó ní ìtàn tó bá a wá ti dí ìdajì kejì. Nígbà tí Màmá Àgbà mú Kúbúrá rin àwọn àdúgbò àtijọ́, tí wọ́n dé ẹ̀yìn ògiri alápá ilé baba ìyá náà, ọmọ náà ò sáré síwájú.

"Màmá," ó bèèrè, "ọ̀nà wo la máa gbà jáde?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ń fi ẹ̀gàn tì yín sí kòtò, òun fúnra rẹ̀ ò débẹ̀ rí. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì ti bọ́ sí ibi tí ẹ ò mọ̀, ẹ má fi ìtìjú rìn síwájú. Ẹ dúró, kí ẹ tẹ̀ lé ẹni tó mọ ọ̀nà ilé, ewúrẹ́ ìbáà ṣe.