Àwọ̀ Tí Kò Sí Nínú Íǹkì

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́ lè pè é bẹ́ẹ̀. Bébà náà ṣì wà nílẹ̀, ẹni tí kò bá gbà gbọ́ lè lọ wò ó. Ó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òru tí oorun ń kun ojú ẹni.

Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Aláwọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé bó bá tẹ fọ́tò fún ọ, àwọ̀ ara rẹ gan-an ni wàá bá níbẹ̀, kò ní sọ ọ́ di ẹni tí ibà ń ṣe. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ńpútà fi ń ya àwọ̀, íǹkì ni ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Ètò tó ń yí àwọ̀ ọ̀kan padà sí ti èkejì ló wà níkàáwọ́ Aláwọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lò bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ó máa ń sọ pé àwọ̀ kì í kọjá lódidi, pé nǹkan kan á ṣẹ́ kù sẹ́yìn dandan.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ kan wà tí kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, fọ́tò dúdú-àti-funfun kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀. Àbúrò ìyá náà ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló ń pè ní Màámi. Gbogbo ohun tí Aláwọ̀ mọ̀ nípa ìyá tó bí i, ẹnu Màámi ló ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀, àárò ẹni tí kò rí rí ń sọ ọ́. Ṣé ó pupa ni àbí ó dúdú? Màámi á ní kò pupa, kò dúdú. Ìyẹn kò tó ọmọ tí ebi ìyá ń pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ tẹ fọ́tò náà ní ńlá, kí Màámi lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Bí a bá fi íǹkì aláwọ̀ tẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú inú rẹ̀ a máa ya sí bulu. Ló bá dí ọ̀nà íǹkì aláwọ̀ yòókù, ó ní kí ẹ̀rọ lo dúdú nìkan. Bí wọ́n ti í ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kò tẹ odindi. Ó kọ́kọ́ tẹ apá ìsàlẹ̀ láti fi dán an wò.

Kaba ìyá rẹ̀ jáde ní àwọ̀ ewé, òdòdó yẹ́lò wẹ́wẹ́ sì wà létí rẹ̀.

Ó bú ara rẹ̀. Ó ní ètò iṣẹ́ àná lòun gbàgbé síbẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò: dúdú nìkan ni. Ó yọ íǹkì aláwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi dúdú rọ́pò wọn, ó tún un tẹ̀. Àwọ̀ ewé. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Fáànù ń yí, kò dún.

Nígbà tó gbé e délé, Màámi fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kaba náà gan-an nìyẹn, òun lòun bá a gé e. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú bébà náà lórí tábìlì, ó béèrè pé aṣọ ta ni. Aláwọ̀ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Màámi fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ.

Aláwọ̀ tẹ apá àárín. Ìborùn jáde, pupa bí ata tó pọ́n. Màámi ní òun lòun yá a ní ìborùn yẹn lọ́jọ́ tó lọ ya fọ́tò, kò dá a padà títí tó fi kú, bí àwọn bá pàdé lókè òun á gbà á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, kò mọ ìborùn kankan.

Ìgbà yẹn ló yé Aláwọ̀. Ohun tó bá ti jáde sórí bébà, bí Màámi bá ti sùn, ó ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ojú ló sì kù.

Ó pa ẹ̀rọ, ó ní òun ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn. Òùngbẹ ojú ìyá rẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Màámi fura, ó bi í, Aláwọ̀ sì sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà Màámi wọ bàtà, ó ní kí wọ́n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Tẹ̀ ẹ́,” ó ní.

“Màámi, ẹ ò ní rántí wọn mọ́.”

“Mo ti rí i tó. Ìwọ ò rí i rí.”

“Ẹ̀yin ni ìyá mi.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.”

Màámi di ojú, ó pẹ́ kó tó là á. Ó ní ó yá.

Ẹ̀rọ ń lọ, ó ń bọ̀. Iwájú orí yọ, ojú yọ, ẹnu tó fẹ́ rẹ́rìn-ín yọ. Aláwọ̀ gbé ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, àwọ̀ kan náà ni. Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Màámi ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́jẹ́, léraléra. Lálẹ́, ó bá oorun jìjàkadì, ṣùgbọ́n ta ló bá oorun jà rí tó borí?

Ilẹ̀ mọ́. Màámi mú bébà náà, ó wò ó títí.

“Obìnrin yìí mà dára o. Ta ni?”

“Ìyá tó bí mi ni.”

Màámi wo fọ́tò, ó wo ọmọ, ó ní wọ́n jọra lóòótọ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Irú èèyàn wo ni?”

Aláwọ̀ nu ojú rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.