Ojú Atẹ́gùn Lábẹ́ Ìjókòó

"Ẹ gbé ẹrù yín kúrò níbẹ̀! Ẹ gbé e kúrò kíá!"

Ohùn yìí ni aránṣọ kan gbọ́ kó tó rí ẹni tó ni ín. Àtẹ́lẹwọ́ kan gbá ara ọkọ̀ pàá, ilẹ̀kùn tó fẹ́ pa dé dúró, ọkùnrin gíga kan sì ki orí wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Àyà aránṣọ já. Olè ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ó sì di àpò aṣọ tó gbé sábẹ́ ìjókòó mú gbágbá.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ti fi àpò dí ojú atẹ́gùn." Ọkùnrin náà nawọ́ sí abẹ́ ìjókòó, níbi tí wọ́n gé ihò gbọọrọ kan sí lára irin, tí wọ́n sì fi àwọ̀n bo ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ yìí ò ní ẹ̀rọ amúlétutù, àǹtí. Imú tó fi ń mí nìyẹn. Atẹ́gùn tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ooru ń gba fèrèsé òkè jáde. Tí ẹ bá dí i, ẹ máa jinná kí ẹ tó dé òkè."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàárọ̀ níbí nìyẹn?"

Ọkùnrin náà tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, mà," ó wí, ojú sì tì í débi pé bó ṣe ń yọ orí jáde, ó fi gbá òkè ilẹ̀kùn gbì. Aránṣọ ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín.

Bí ìfẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òdòdó ni.

Orí òkè méjì ni ìlú náà wà, àfonífojì jíjìn sì wà láàárín wọn. Okùn irin ni wọ́n ta kọjá lókè rẹ̀, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí kò ju yàrá ìwẹ̀ lọ ló sì ń rìn lórí okùn náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Òkè kejì ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wà. Ọkùnrin tó fi orí gbá ilẹ̀kùn yìí ló ń tún àwọn ọkọ̀ náà ṣe. Òpó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí gíga rẹ̀, òun náà sì ti gbàgbé láti máa bínú sí i.

Òpó ló kọ́ aránṣọ bí ara ṣe ń tutù nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. "Má jókòó síbi tí oòrùn kọjú sí. Má fẹ̀yìn ti gíláàsì. Mú omi dání, má sì dúró dìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ ọ́ kí o tó mu ún." Ó kọ́ ọ, ó kọ́ ọ, títí ẹ̀kọ́ fi tán, àmọ́ kò yéé wá sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Nígbà tó yá, kò pè é ní àǹtí mọ́. Ìfẹ́ mi ló ń pè é.

Òtútù wá dé. Láàárọ̀, atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ìjókòó wọlé a máa ta èèyàn lẹ́sẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òpó, imú ọkọ̀ yín yìí ń mí sí mi lẹ́sẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ di yìnyín."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. Àmọ́ nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, inú ọkọ̀ aláwọ̀ aró ni Òpó fi í sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì tutù rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló rí níbẹ̀, wọ́n fá a dán, wọ́n sì fi ìṣó lílọ́ mẹ́rin dè é mọ́ ojú atẹ́gùn.

Ẹnu yà á. "Ìwọ lo dí i? Ìwọ tó fẹ́ lù mí nítorí àpò?"

"Mi ò fẹ́ lù ọ́ o. Ìgbà òtútù nìkan ni, ìfẹ́ mi. Tí ooru bá dé, màá tú u."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí aránṣọ, kò tíì rí ẹni tó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó lọ fi pákó dáhùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló mọ̀ pé òun ti rí ọkọ. Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé kò ránṣọ gidi kankan lọ́jọ́ náà, ọrùn ẹ̀wù ló rán mọ́ apá.

Àmọ́ ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìyá aránṣọ ń ṣe búrẹ́dì, ó sì lágídí ju búrẹ́dì tó ti sùn mọ́jú lọ. Lọ́jọ́ tí Òpó wá kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ẹsẹ̀, ó sì pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó dé orí.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń tún ọkọ̀ orí okùn ṣe, mà."

"Àwọn agolo yẹn?" Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mi ò lè fọmọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ ọ́, ṣé àkàbà ni màá gbé lọ bá a jà?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa aránṣọ, ẹkún náà sì fẹ́ pa á. Ó bẹ ìyá títí òtútù fi lọ, títí ooru fi dé, pàbó ló já sí. Kàkà kí ìyá rọ̀, ńṣe ló dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ bá ìyá Òpó fúnra òun lórí òkè kejì, kí òun sọ fún un pé kò lè ṣeé ṣe.

"A kì í ránni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má sọ pé a fi ọmọ wọn ṣeré."

Wọ́n ti dí ojú títì lọ́jọ́ náà, afárá ni wọ́n ń tún ṣe. Àfi agolo. Aránṣọ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ lọ. Ìyá gbé odindi búrẹ́dì kan dání, ó fi aṣọ funfun wé e, nítorí kò tíì fọwọ́ òfìfo wọlé onílé rí. Ẹ gbà mí o: wọ́n ń lọ kọ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n tún gbé búrẹ́dì dání!

Ọkọ̀ aláwọ̀ aró ló kàn wọ́n. Láti ìgbà òtútù ni ọkọ̀ náà ti wà ní ilé àtúnṣe, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí okùn. Àwọn méjèèjì nìkan ló wọ̀ ọ́.

"Màmá, ẹ sún síbi tí òjìji wà. Ooru pọ̀."

"Èmi tí mo ti ń dúró ti ààrò búrẹ́dì láti ìgbà ọmọge? Ooru wo ló fẹ́ bá mi ṣàwàdà?"

Nígbà tí wọ́n dé àárín àfonífojì, ọkọ̀ mì jìgìjìgì, ó sì dúró. Ohùn kan jáde lára ògiri: "Ẹ fara balẹ̀ o, iná ló lọ. A ti ń tún un ṣe." Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Ìyá kọ́kọ́ bú ọkọ̀. Ó bú okùn. Ó bú Òpó àti ẹni tó bí i. Oòrùn ń gba gíláàsì wọlé, irin gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyá ò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù ba aránṣọ. Òógùn ti gbẹ lójú ìyá, ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀, ó ń sọ pé kó wá yọ búrẹ́dì kó má jóná. Ló bá yọ̀ lórí ìjókòó, ó ṣubú sílẹ̀.

"Màmá! Màmá mi!"

Aránṣọ ṣí fèrèsé òkè pátápátá. Atẹ́gùn ò mì. Ó wá rántí: ìsàlẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ó ń wá ihò náà.

Pákó ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

Pákó tó dán. Ojú rẹ̀ ò tíì rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Pákó tí wọ́n fá nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, pákó tó mú un rán ọrùn ẹ̀wù mọ́ apá lọ́jọ́sí. "Yéè! Àwa la pa ìyá mi."

Ó fa sísọ́ọ̀sì yọ nínú àpò, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ lọ́ ìṣó àkọ́kọ́. Ó tú. Ó lọ́ èkejì àti ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀. Èyí tó kẹ́yìn kọ̀ jálẹ̀. Aránṣọ fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri, ó fa pákó náà bí ẹni pé ọ̀tá ló dì mú. Ó ya, pákáń!

Atẹ́gùn wọlé. Kò pọ̀, àmọ́ ó wọlé, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá fèrèsé òkè jáde. Ó gbé ojú ìyá sún mọ́ ihò náà, ó da omi tó mú dání sí i lọ́rùn àti láyà, ó sì ń fi pákó náà fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń sunkún.

Ó pẹ́ kí ìyá tó la ojú kan. "Ta ló ń fi pákó fẹ́ mi?"

Nígbà tí iná dé tí ọkọ̀ sì wọ ibùdó òkè, Òpó ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó rí ìyá nílẹ̀. Ó rí pákó lọ́wọ́ olólùfẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìyá lọ́wọ́ méjèèjì lọ sábẹ́ òrùlé, wọ́n fi aṣọ tútù bò ó, nọ́ọ̀sì ibùdó sì ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Ọ̀gá ibùdó gba pákó náà. "Ta ló ṣe irú èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ? Ìwọ tó ń pariwo ojú atẹ́gùn lé gbogbo èèyàn lórí? Kí nìdí?"

Òpó wo ilẹ̀.

"Kó irinṣẹ́ rẹ kalẹ̀, kí o máa lọ sílé."

"Ẹ dúró ná." Ìyá ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lọ. "Mo bi ọ́, ta lo dí i fún?"

Aránṣọ rí i pé Òpó á dákẹ́ títí iṣẹ́ á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Ẹsẹ̀ mi ló ń tutù."

Ìyá wo ọmọ. Ó wo Òpó. Ìyàlẹ́nu ojú rẹ̀ ju ìbínú lọ. "Ó ní kó o dí i?"

"Rárá, mà. Ó kàn ní ẹsẹ̀ òun tutù ni. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní màá tú u tí ooru bá dé, mo sì gbàgbé. Mo jẹ̀bi, mà."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ," ó wí, "ni èéfín ààrò ti ń kó sí mi lójú. Mo sọ fún bàbá ẹ. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ń gbọ́, ó ń gbọ́, títí ó fi kú. Èéfín náà ṣì wà níbẹ̀." Ó nàka sí Òpó. "Etí tìẹ dáa. Àmọ́ etí tí kì í bá orí sọ̀rọ̀ ló fẹ́ pa mí yìí." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ má lé e. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ta ló tún máa ṣọ́ imú ọkọ̀ yín bíi tiẹ̀ látòní lọ?"

Ọ̀gá ronú títí. Ó gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ Òpó, ó ní ẹnu ilẹ̀kùn ló máa dúró títí ooru á fi kọjá, kó máa yẹ abẹ́ ìjókòó gbogbo ọkọ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ìyá dìde. "Òpó, wọ inú agolo yẹn. Èmi àti ìwọ. A ó lọ, a ó sì bọ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Aránṣọ fẹ́ dì í mú.

"Ìwọ dúró síbẹ̀."

Ìyá gbé búrẹ́dì rẹ̀, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé. Aránṣọ dúró, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi kéré lójú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni ìyá ń sọ fún un lójú òfuurufú, níbi tí kò ti sí ibi tó lè sá gbà? Ó dá a lójú pé ìyá ń kọ̀ ọ́ lójúkojú ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkọ̀ padà dé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, aránṣọ ṣe háà. Àwọn méjèèjì ti bọ́ bàtà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sí iwájú ojú atẹ́gùn, aṣọ funfun wà lórí eékún ìyá, èérún búrẹ́dì sì wà ní irùngbọ̀n Òpó.

"Màmá, búrẹ́dì tí ẹ ń gbé lọ fún ìyá Òpó ńkọ́?"

"Ebi ń pa wá." Ìyá ń wá bàtà rẹ̀. "Ó ku ààbọ̀."

"Ṣé a ò ní lọ bá ìyá rẹ̀ mọ́ ni?"

"A ó lọ."

"Pẹ̀lú ààbọ̀ búrẹ́dì?"

"Kí ló dé?" ni ìyá wí, ó sì wé aṣọ náà padà dáadáa. "Odindi ni wọ́n ń gbé fún àlejò. Èyí tí a bá ti jẹ lára rẹ̀, ẹbí là ń gbé e fún."

Òpó jáde nínú ọkọ̀ láìwọ bàtà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ibùdó náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo ìyá, ó ń wo ọmọ. Ìyá rékọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá wò ó," ó wí, "ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀."

Ẹ̀yìn ooru ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọkọ̀ aláwọ̀ aró ló gbé ìyá lọ síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tuntun àti bàtà tó ń dán. Gbogbo èèyàn ní kó jókòó, kó má jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ rún. Kò dá wọn lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ìjókòó, lẹ́yìn náà ló tó jókòó.