Bọ́ọ̀lù Tó Dí Bàbá Bongnaim Lọ́nà

Ẹ má wò mí bí ẹni tó mu kafá, omi gbòǹgbò wa, yó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ó ṣojú Rosalin ìyàwó mi, ó sì ṣojú Tasso tó ń ṣọ́ pápá, ẹni tí kì í gba nǹkan kan gbọ́. Ògiri pápá bọ́ọ̀lù tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Port Vila, ìlú wa. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀dà kíkùn niṣẹ́ mi. Nígbà tó kan ìlú wa láti gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn erékùṣù, ìgbìmọ̀ gbé ògiri ìta pápá fún mi pé kí n ya àwọn àmì ìdíje sí i. Lápá òsì, akàn ńlá tó ń jẹ àgbọn. Akàn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, bàtà bọ́ọ̀lù méjì péré ni wọ́n ní kí n wọ̀ fún un. Mo béèrè nípa ẹsẹ̀ tó kù, wọ́n ní kí n má yọ àwọn lẹ́nu. Ó dáa. Mo yà á bẹ́ẹ̀.

Àmì tó wà lápá ọ̀tún ló kó bá wa. Àwòrán orí iyẹ̀pẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ìka kan yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìka kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ títí ìlà náà yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdílé bàbá ìyàwó mi, Bàbá Bongnaim ará erékùṣù Ambrym, ló ni ín. Àwọn ìgbìmọ̀ gbé ẹní àti ẹlẹ́dẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Ó yà á sílẹ̀ ní àgbàlá wa, Màdáàmù Leisale akọ̀wé ìgbìmọ̀ dà á kọ sórí bébà, òjò sì fọ ti ilẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, wọ́n gé ìlà náà láàárín, wọ́n fi àwòrán bọ́ọ̀lù dí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún lọ. Àwòrán náà sì parẹ́ nínú iyè rẹ̀. Kò tíì fi kọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ó ń dúró de ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó lọ ká èso ní New Zealand.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lèyí fún ará Ambrym. Wọ́n ní ẹnì kan jókòó lójú ọ̀nà àwọn òkú. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti ya àwòrán ìdílé rẹ sílẹ̀ dè ọ́, á sì pa ìdajì rẹ́. Parí ẹ̀, kí o kọjá. Ẹni tí kò bá lè parí ẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá béèrè, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà.

Mo parí iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìdajì àmì náà ti lọ. Ìdajì tí bọ́ọ̀lù wà. Kò sí ojú ibi tí wọ́n fá a, kò sí òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà. Ògiri náà mọ́ bíi pé ọ̀dà kò kàn án rí.

"Tasso! Ta lo jẹ́ kó débí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò débí."

"Ògiri ló wá fọ ara ẹ̀?"

"Ẹ bi ògiri. Èmi ṣọ́ géètì ni."

Mo tún un kùn. Ó tún lọ. Mo tún un kùn, mo ń ṣépè fún gbogbo ọmọ ìta tó wà ní Vila. Ó tún lọ. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, síbẹ̀ kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lábẹ́ ògiri. Inú bí mi débi pé mo ju búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n rí fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ mu kafá nílé kafá tó wà lẹ́yìn pápá. Ẹni tó bá ti mu tiẹ̀ kì í pariwo níbẹ̀. Wọ́n á tutọ́, wọ́n á jókòó. Ilẹ̀ ń ṣú. Àdán ń kọjá. A sì gbọ́ ọ.

Ìró àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri. Fẹ̀ẹ̀. Fẹ̀ẹ̀.

Gbogbo wa la gbọ́. Kò sẹ́ni tó yíjú. Mo dìde, mo yí sí iwájú pápá. Tasso ti wà níbẹ̀, ó lanu sílẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nídìí ògiri. Àmọ́ ìlà náà ń parẹ́ lójú wa, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tó kan bọ́ọ̀lù, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró náà dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́.

Mo sọ fún Rosalin. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀.

"Bàbá Melika, wọ́n ti ń pe Bàbá mi."

"Ta ló ń pè é?"

Ó nawọ́ sí ọ̀nà pápá. "Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yọ bọ́ọ̀lù yẹn. Kí Bàbá rí gbogbo ẹ̀, kó lè rántí."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a lọ bá Màdáàmù Leisale.

"Ká yọ ọ́ kẹ̀? Ó ti wà lára aṣọ, ó ti wà lára ife, ó ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì!"

Rosalin ní, "Ó ti dí ọ̀nà ìlà náà, mà."

"Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù ńbẹ̀, báwo làwọn àlejò á ṣe mọ̀ pé bọ́ọ̀lù la fẹ́ gbá?"

Mo wo ìyàwó mi. Mo wo Màdáàmù. Sùúrù mi tán pátápátá.

"Ẹ̀yin lẹ dà á kọ. Kí ló wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi bọ́ọ̀lù sí i?"

"Ìlà ni. Bébà yẹn ti sọnù. Gbogbo ìlà yẹn ò jọra ni?"

Rosalin jáde láìdágbére.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje, Bàbá ní dandan, ká gbé òun débẹ̀. Ìdajì ṣófo bó ṣe máa ń ṣe. A fi àga gbé e sún mọ́ ògiri. Ó ti ìka ọwọ́ òsì bọ inú ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìka náà lọ, ó yí, ó gba abẹ́, ó gba òkè. Ojú Bàbá ń tàn. Lójijì, ó dúró.

"Kí ló wà níbí?"

"Bọ́ọ̀lù ni, Bàbá."

"Kì í ṣe bọ́ọ̀lù." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù."

Ó kú lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìdíje ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo pápá ń wọlé láti ojú fèrèsé. Rosalin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka òsì rẹ̀ ń rìn lórí ẹní, ó yí, ó gba abẹ́, ó gba òkè, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí ẹ̀mí fi bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbi ògiri. Mo ti fọ èyí tí Bàbá yà kúrò fúnra mi kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà tuntun wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìka kan. Ó yí, ó gba abẹ́, ó gba òkè. Ó dúró síbi tí bọ́ọ̀lù wà tẹ́lẹ̀. Ojú ìka kan wà níbi tó dúró sí, ọ̀dà ibẹ̀ ṣì tutù.

Ìdíje ti parí tipẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti já wa kúrò. Ọmọ Bàbá ti dé láti New Zealand, ó dúró níwájú ògiri títí, ó ní, "Wọn ò fi kọ́ mi." Láràárọ̀ ni ìlà náà ń parẹ́, láràárọ̀ ló ń tún bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ náà ni Rosalin ń lọ síbẹ̀. Ó máa ń ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbìyànjú."

Lánàá, Màdáàmù Leisale pè mí pé kí n fi ọ̀dà funfun bo gbogbo ẹ̀, pé ó ń ba ojú ìlú jẹ́.

Mo ní mi ò ní bo bàbá ìyàwó mi mọ́ ojú ọ̀nà.

Ó ní ṣé orí mi pé. Mo pa fóònù. Mo lọ síbi ògiri, mo fọwọ́ kan ibi tí ìlà náà dúró sí. Ó ṣì tutù.