Ìwé Ìsinmi Ẹ̀gbọ́n

Ní aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ kẹrin tí Ẹ̀gbọ́n ti kú, Akọ̀wé fọwọ́ kan ibùsùn olóògbé náà, ó sì bá a ní gbígbóná. Kì í ṣe ooru oòrùn, nítorí yàrá náà ò ní fèrèsé. Ooru ara èèyàn ni, irú èyí tó máa ń kù sílẹ̀ bí ẹni tó sùn síbẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ìrọ̀rí tẹ̀ wọnú níbi tí orí máa ń wà.

Aṣọ Ẹ̀gbọ́n ló wá kó sínú báàgì, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sílé. Bó ṣe ń ká ṣẹ́ẹ̀tì kejì lọ́wọ́, ó gbọ́ mímí lẹ́yìn rẹ̀, mímí ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Ó yíjú padà, kò rí ẹnì kankan. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó jáde, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn kó má bàa jí ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé yìí, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ ni, àmọ́ òun ló ń kọ gbogbo ìwé inú ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òkun akẹ́rù ni. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ èèyàn mẹ́tàlélógún ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ló dàgbà jù nínú wọn, ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lójú omi, gbogbo wọn ló sì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, títí kan àwọn tó jẹ́ ọ̀gá fún un.

Ìwé kan wà tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ máa kọ. Ìwé ìsinmi ni wọ́n ń pè é. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré tirẹ̀ níwájú orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá sinmi, wọ́n á kun àpótí náà ní dúdú. Bó bá ṣiṣẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní funfun. Dúdú mẹ́wàá lójúmọ́, ó kéré tán. Òfin gidi ni, àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ara èèyàn kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yìí, ọjọ́ kìíní oṣù ni Akọ̀wé ti máa ń kun ti gbogbo oṣù tán, kí ẹnikẹ́ni tó ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sinmi. Ọ̀gá ọkọ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pe gbogbo wọn jọ sí yàrá oúnjẹ, wọ́n á fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, alásè á sì ní òun ò sùn tó báyìí rí láyé òun, àfi nínú ìwé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ń bí Akọ̀wé nínú jù báyìí.

Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kú, ó ti lé ní wákàtí mọ́kàndínlógún tó ti wà lórí ìdúró. Wọ́n ń fọ àwọn ihò ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, torí àwọn tó ni ọkọ̀ ní kí gbogbo rẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó dé èbúté. Àwọn yẹn ń sùn o, nínú ilé tí kì í mì, wọ́n á sì jí láàárọ̀, wọ́n á máa béèrè ohun tó ń fa ìdádúró. Ní aago méjì ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú ihò tó kù. Kò sẹ́ni tó yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò. Ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ ni wọ́n ti bá a, ó dojú bolẹ̀, afẹ́fẹ́ burúkú ti pa á. Inú yàrá òtútù tí alásè ń kó ẹran sí ni wọ́n gbé e lọ.

Ìwé sì ní ó ń sùn ní aago méjì.

Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ dì mú nìyẹn. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ọkọ̀ pé àkókò ìsinmi ọkùnrin náà ni, pé fúnra rẹ̀ ló rìn lọ síbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò rán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà pe ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi wọ́n: ta ló rán ọkọ òun níṣẹ́? Akọ̀wé ló gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kò sẹ́ni tó rán an.

Láti ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n ti ń tẹ̀ lé ìwé. Alásè ló kọ́kọ́ fura. Ní wákàtí tí àpótí Ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ funfun, wọ́n á máa gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó ń ha irin nínú ihò tí wọ́n ti dé pa. Bó bá kan dúdú, ariwo á dákẹ́, híhanrun á sì bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀gá ọkọ̀, àwọn tó kù ò wá rí oorun sùn mọ́. Wọ́n á dùbúlẹ̀, ojú wọn á là sílẹ̀ kedere, wọ́n á máa gbọ́ bí òkú ṣe ń hanrun.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Akọ̀wé padà wọ yàrá náà ní ọ̀sán gangan. Ó dúró ti ibùsùn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi Ẹ̀gbọ́n ohun tó ń fẹ́. Híhanrun dúró.

"Ó rẹ̀ mí, Akọ̀wé," ni ohùn kan wí láti orí ìrọ̀rí tó ṣófo. "Oorun tí o kọ fún mi ni mò ń sùn. Kò sí ìsinmi kankan nínú rẹ̀."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́."

"Ọwọ́ ta ló kọ ọ́?"

Akọ̀wé fi ọwọ́ náà bọ àpò, ó sì jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé èbúté. Obìnrin kan wọlé láti ọ́fíìsì tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìsinmi wá. Ọ̀gá ọkọ̀ ti fárùngbọ̀n, ojú rẹ̀ ń dán, torí yàrá tirẹ̀ wà lókè níbi tí ariwo ò dé. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé adúrà. Obìnrin náà ṣáà ń tẹ́tí sí ògiri.

"Ta ló ń hanrun báyẹn?" ló béèrè.

Akọ̀wé wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tó tutù minimini, inú sì bí i. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó mú bírò, ó sì fa ìlà gba orí gbogbo àpótí dúdú tó wà níwájú orúkọ Ẹ̀gbọ́n.

"Irọ́ ni gbogbo èyí. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọkùnrin yìí ò sùn, iṣẹ́ ló ń ṣe, èmi ni mo sì rán an. Ó sọ fún mi pé ojú òun ń ṣókùnkùn. Mo ní kó ṣáà ṣe ọ̀kan tó kù."

Ibẹ̀ ni híhanrun ti dákẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ fẹnu sún mọ́ etí Akọ̀wé, ó ní kò sí ọkọ̀ tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́ láyé. Akọ̀wé ní kí wọ́n má gba òun. Obìnrin náà ní ọkọ̀ ò ní kúrò ní èbúté, ó sì ní kí Akọ̀wé kọ ti àwọn mẹ́tàlá tó kù náà bó ṣe rí gan-an. Kó tó kọ orúkọ kẹta, alásè ti gbórí lé tábìlì, ó ti sùn.

Nígbà tí Akọ̀wé kọ ọ́ tán, ó lọ sídìí fóònù. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé òkú Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀ láti yàrá òtútù, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í látorí dé ẹsẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, mà," ló sọ fún ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. "Èmi ni mo rán an."

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ò sunkún. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an.

"Ó ti sọ fún mi. Ó wọlé láìpẹ́ yìí, kò tiẹ̀ jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ ni."