Ọkùnrin Tó Yọ Àmì Kúrò Lórí Ẹ̀ṣẹ̀

Ní Samaru, létí Zaria, láwọn ọdún tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lọ́fíìsì, ẹni tí tiẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọlábánjí ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Ọmọ Kwara ni, Zaria ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Tó bá ń bọ̀ lọ́nà, wàá rò pé òun ló dá iná mọ̀nàmọ́ná sáyé.

Kì í mutí, kì í jalè. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tó wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Bí o bá bi í pé ṣé ó ti di àtúnbí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní wọ́n ti ṣèrìbọmi fún òun láti kékeré. Irú rẹ̀ pọ̀ nílé Ọlọ́run. Bóyá ìwọ náà wà lára wọn.

Iṣẹ́ ńlá kan wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìpàdéọlá ní yunifásítì Samaru nígbà náà. Ó ń gba ohùn àwọn àgbà Yorùbá tó ti pẹ́ ní Zaria sílẹ̀, àwọn tó wá láti Kabba, Ìyàgbà àti Ìgbómìnà, kí èdè wọn má baà bá wọn wọlẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ò gbọ́ ju Hausa lọ mọ́.

Opó kan tó ń jẹ́ Miriam, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Peculiar, ló ń lọ bá àwọn àgbà náà nílé wọn ní Tukur-Tukur. Á ní kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí, á gba ohùn wọn, á kó o sínú kọ̀ǹpútà, á sì fi ọ̀rọ̀ náà gan-an sọ ọ́ lórúkọ, tòun ti àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kì í fi àmì ṣeré. Iṣẹ́ yìí nìkan ló sì fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ti Ọlábánjí ni pé kí gbogbo ohùn wọ̀nyí ní ẹ̀dà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn lódìkejì ọgbà, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bà jẹ́, èkejì á wà. Wáyà ló so méjèèjì pọ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní Línúsì ni kọ̀ǹpútà Miriam ń lò, ètò Wíńdọ̀ọ̀sì ni èkejì ń lò, àwọn méjèèjì kì í sì í ka lẹ́tà bákan náà bí èèyàn ò bá là wọ́n lọ́yẹ̀. Tí orúkọ tó ní àmì bá débẹ̀, èyí tó wà lọ́hùn-ún á kọ̀ ọ́, iṣẹ́ á dúró, ìkìlọ̀ á sì kún ojú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà wà láti mú kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, ó sì gba pé kéèyàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọlábánjí ò sì jẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ àṣẹ kékeré kan sínú ẹ̀rọ náà pé kó máa yọ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ìkìlọ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìn ín níwájú àwọn àlejò, orí rẹ̀ sì wú.

Ìwọ tó o gbọ́ Yorùbá, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Yọ àmì kúrò lára ọkọ, yọ ọ́ lára ọkọ̀, kó o wá wò ó bóyá wọ́n yàtọ̀ sí oko tí à ń ro. Ọkọ ìyàwó ti di oko àgbàdo. Nínú kọ̀ǹpútà kejì yẹn, bí ohùn kan bá dé tí òmíràn sì ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, á jókòó lé e lórí, á sì pa á rẹ́.

Kò pẹ́ tí Ọlábánjí fúnra rẹ̀ fi rí i. Ohun tó ń jáde níbí pọ̀ gan-an ju ohun tó ń dé ọ̀hún lọ. Ó yẹ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyìn ti mọ́ ọn lára. Ó ní òun á tún un ṣe tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, ọ̀rọ̀ náà sì ń le sí i láti sọ, torí wọ́n á bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá béèrè ẹ̀dà náà, á ní ó pé.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń de èèyàn mọ́lẹ̀ nìyẹn. Kì í kọ́kọ́ fún okùn náà pọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àrá sán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná wọlé lójijì pẹ̀lú agbára, ó sì jó kọ̀ǹpútà Miriam débi pé kò sóhun tí wọ́n lè rí yọ nínú rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní kó má dààmú, Bánjí ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí Ọlábánjí, ó sì ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu.

Wọ́n ṣí ẹ̀dà náà. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Púpọ̀ nínú ohùn tó sọ nù jẹ́ ti àwọn àgbà tó ti kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í pé kí ló dé.

"Màmá Peculiar ló ń fi orúkọ kan náà pe ohùn púpọ̀, sà," ni Ọlábánjí wí. "Ẹ wò ó fúnra yín. Kò fi àmì kankan sí i."

Irọ́ náà bá ojú mu, torí lóòótọ́ kò sí àmì kankan níbẹ̀. Miriam kúnlẹ̀, ó ní òun fi àmì sí gbogbo wọn. Kí ni yóò fi jẹ́rìí? Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti jóná. Ọ̀jọ̀gbọ́n fìbínú sọ pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kó kó ẹrù rẹ̀. Miriam ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ó ní Ọlọ́run mọ̀, ó sì jáde.

Láti ìgbà náà ni yàrá kọ̀ǹpútà ti há mọ́ Ọlábánjí. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń yẹ ẹ̀dà náà wò, bóyá á rí nǹkan gbé dìde. Ó rántí pé Miriam ti gba ohùn Bàbá Adébánjọ, àgbà Ìyàgbà kan, lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ṣẹ̀, kí bàbá náà tó kú, Miriam sì máa ń sọ pé ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí bàbá sọ. Òun ò gbọ́ ọ rí. Ó wá a, ó sì ṣí i.

Ohùn ìyá àgbàlagbà kan ló jáde, ó ń ṣàlàyé pé orí rẹ̀ ni èèyàn ń dúró lé, òun ni wọ́n ń kì bọ bàtà, ti òun sì ti ń dun òun láti ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ti jókòó lé ẹ̀ṣẹ̀ lórí, ohùn Bàbá Adébánjọ sì ti lọ.

Ọlábánjí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà á. Ó ti yọ àmì kúrò lórí ẹ̀ṣẹ̀ títí kọ̀ǹpútà ò fi rí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ náà ò rebì kan. Inú Ọlábánjí tó jókòó sórí àga yẹn gan-an ló wà.

 Nígbà tó di Alámìísì, ọjọ́ Ẹtì ku ọ̀la, ó wọkọ̀ lọ sí Dakace, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Hosea ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Hosea ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀mùtí paraku, Jésù ló sì gbà á. Àárín àwọn àpò ike ni Ọlábánjí ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní àṣìṣe ńlá ni. Ó ní òun á bá Miriam wá iṣẹ́ mìíràn, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí jẹ́jẹ́.

"Haba, Bánjí," ni Hosea wí. "Nígbà tí mò ń mu bùrùkùtù, ìyàwó mi ń bá mi wí lójoojúmọ́. Mo lé e lọ sílé bàbá rẹ̀. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì pè é ní àlàáfíà. Ohun tí ìwọ náà fẹ́ ṣe nìyẹn."

Hosea gbé àpò kan kalẹ̀, ó yíjú sí i.

"Jésù ò kú nítorí àṣìṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ ló kú fún. Bó o bá ṣì ń pè é ní àṣìṣe, kí lo fẹ́ kó dárí rẹ̀ jì ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ọkùnrin tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ sínú eruku ike, ó sì tọrọ. Ó ní, "Olúwa, mo parọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ kí opó bá mi ru ẹrù mi. Jésù, ìwọ lo rù ú lórí igi. Gbà mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá Miriam tó ń di ẹrù rẹ̀ níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ìgbà tó kọ́kọ́ mọ̀. Ó sọ ọ́ tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ láìwò ó lójú. Miriam tú ẹrù rẹ̀. Ó sunkún nítorí àwọn tó ti kú, kò sì dá Ọlábánjí lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó lè bá a sọ̀rọ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé òun ti dárí jì í.

Ọlábánjí jáde sí títì Samaru láìníṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ti bà jẹ́, ó sì mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ohunkóhun dẹ́rù bà á mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà níta.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí lo ti mú kó dákẹ́? Ẹ̀rí ọkàn rẹ tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ tí kò pariwo mọ́, ṣé o rò pé ó ti dára ni? O ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí ọ, o sì ń dáhùn pé ó pé. Ta ló ń jìyà ohun tó o ṣe báyìí?

Kristi ti san án tán lórí igi àgbélébùú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi ju ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, àfi èyí tó o bá kọ̀ láti mú wá. Má ṣe dúró dìgbà tí àrá bá sán. Ibi tó o jókòó sí yẹn gan-an, kúnlẹ̀ síbẹ̀ lónìí, kó o sì sọ ohun tó o ṣe fún Jésù, láìyọ nǹkan kan kúrò.